Obì ńkọ́?

Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá àgbà wa. Atẹ̀wé ń retí mi, ẹbí sì ti fẹnu kò pé èmi tí mo mọ̀wé ni iṣẹ́ náà tọ́ sí. Mo wá ìwé ètò ìsìnkú ẹlòmíì jáde, mo yọ orúkọ olóògbé yẹn kúrò, mo fi ti màmá wa rọ́pò. Ìyá rere, ìyá àdúrà, aláàánú tí kì í bínú. (Kì í bínú kẹ̀! Ẹni tó bá ti bá wọn dúnàá-dúrà rí mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.)

Nígbà tí a ti itẹ́ dé, tí oníkálukú jókòó sábẹ́ àtíbàbà nílé wa ní Òdè Rẹ́mọ, ìyá arúgbó kan ládùúgbò ní kí n wá ka ìwé náà sétí àwọn. Mo kà á tán. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Obì ńkọ́, ọkọ mi?"

Kò sí obì níbẹ̀. Obì gbànja ni màmá tà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Owó obì ni bàbá mi àtàwọn àbúrò wọn fi kàwé, owó obì ni wọ́n fi kọ́ ilé tí a wà níwájú rẹ̀ yẹn. Mi ò kọ ẹyọ kan.

Bí iṣẹ́ yìí bá já lé yín léjìká lọ́la, ẹ fi "ìyá rere" sílẹ̀ ná, kí ẹ ti ibi ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò màmá wa dúdú títí wọ́n fi lọ. Bí obì bá ti oko dé, wọ́n á là á, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á wá bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Ewé tútù ni wọ́n ń tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kó o sí i, ewé náà ni wọ́n fi ń bò ó. Kò tíì tán o. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á tún dà á sílẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ yí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa wá ojú ihò tí kòkòrò gbà wọlé, torí ẹyọ kan tó bá ti ní kòkòrò á kó ran ìyókù. Wọn kì í jẹ́ kí a bá wọn ṣà á lálẹ́. Wọ́n ní iná àtùpà máa ń purọ́.

Ọjọ́ orí wọn náà, ojú ni mo fi bù ú. Mo kọ 1938. Àbúrò wọn obìnrin ló wá là mí lójú lẹ́yìn tí gbogbo ìwé ti tán lọ́wọ́. Ní 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀, ará Ìkẹ́nnẹ́ wa níbí, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, wọ́n ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá, bóyá á kan etí kejì, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ó ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọwọ́ àbúrò màmá yìí kan etí. Màmá wa ló mú wọn lọ síbẹ̀, màmá fi bí ọdún méje ju àbúrò wọn yìí lọ, màmá sì ti ń ru apẹ̀rẹ̀ obì tẹ̀lé ìyá wọn lọ sọ́jà. A bá ṣírò rẹ̀, ó bọ́ sí nǹkan bí 1942. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ta màmá lọ́rẹ.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ọjà pẹ̀lú, pàápàá ẹni tó ti bá wọn jà. Àlájì kan láti Sábo ní Ṣágámù, tí bàbá rẹ̀ ń ra obì lọ́wọ́ màmá kó lọ sí òkè Ọya, ló sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù. Bàbá náà jẹ wọ́n lówó lápá ìparí 1972. Ìgbà tó fi máa dé, a ti pa pọ́n-ùn dà sí náírà, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Pọ́n-ùn ni wọ́n yá a, pọ́n-ùn ni kó san. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Títí tí mo fi gbọ́njú, ṣílè ni màmá ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

Aláàánú tí kì í bínú! Ojú ṣì ń tì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù síwájú ìyá tó bí mi, aránṣọ ni wọ́n, mo ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ṣẹ́ fún mi. Wọ́n wò mí títí.

"Ṣé dókítà sọ nǹkan kan fún ọ ni?"

Mo ní rárá o. Wọ́n pòṣé, wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n ní bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ gbà á sílẹ̀, kí n lọ pa rédíò ná.