Ta ni “wọ́n”? Ohun tí mítíńgì àdúgbò kọ́ mi

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa níbí ní Adó, mo rò pé iṣẹ́ akọ̀wé ò ju kéèyàn mọ̀wé kọ kí báírò ẹ̀ má sì gbẹ lọ. Àdúgbò tuntun ni tiwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló wá ra ilẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lọ́dún 1996, ará Ìjerò wà níbẹ̀, ará Ìkọ̀lé, ará Ọ̀tùn, ilé 34 lápapọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì nínú wa sì lé ní mẹ́wàá. Ẹ ṣáà mọ Èkìtì. Tí ẹnì kan bá gbé àbá kalẹ̀, ẹnì kejì á ní kò ì tíì lẹ́ni tó kín in lẹ́yìn, ẹnì kẹta á ní ṣé a tiẹ̀ pé iye tó yẹ ká tó máa dá àbá, kí aago tó lu márùn-ún orí á ti máa fọ́ mi.

Pọ́ọ̀ǹpù bọhóòlù wa ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ó jó, a ṣe mítíńgì wákàtí mẹ́ta gbáko lórí ẹ̀, gbogbo wa fẹnu kò, a pàtẹ́wọ́, a ṣàdúrà ìparí, kálukú gba ilé ẹ̀ lọ jẹ uyán. Oṣù kan kọjá, a tún pàdé, omi ò sí. Alága ní báwo ni ti pọ́ọ̀ǹpù, gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Mo ṣí ìwé, mo kà á sókè: “Ilé fẹnu kò pé kí wọ́n gba owó jọ, kí wọ́n wá ẹni tó máa yọ pọ́ọ̀ǹpù, kí wọ́n sì fi tó alága létí.” Ìyá oníbúrẹ́dì tó ń gbé ní ìkángun, tí kì í sọ̀rọ̀ ní mítíńgì rárá, bá bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Akọ̀wé wa, ta ni wọ́n?”

Mi ò rí nǹkan sọ. Akápò rò pé àwọn tó sún mọ́ bọhóòlù ni, àwọn yẹn rò pé akápò ni, alága rò pé èmi ni, èmi náà ti kọ ọ́ sínú ìwé mo ti dé báírò mi. Ẹ wò ó, àwa la ni “wọ́n” yìí, wọ́n ti mú iná lọ, wọ́n á tún títì ṣe, wọ́n ní kí n wá, kò sígbà kan tá a jókòó béèrè pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu kò burú, ṣùgbọ́n nínú ìwé mítíńgì, omi á gbẹ.

Látọjọ́ náà, mo fòfin de “wọ́n” nínú ìwé mi, mo fi “a” kún un, torí “a óò ṣe é” náà ò lẹ́ni tó ni ín. Kí àdúrà ìparí tó wáyé, mo máa ń dìde ka gbogbo ohun tá a fẹnu kò lé lórí, pẹ̀lú orúkọ, iye owó àti ọjọ́. Bàyìí ni mo ṣe ka ti pọ́ọ̀ǹpù: akápò á gba ₦5,500 lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù, mẹkáníìkì ilé kẹfà á mú ẹni tó máa yọ ọ́ wá lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé á wà níbẹ̀ láti gba rìsíìtì. Tí mo bá ka orúkọ yín, ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn sókè pé ẹ gbà, ẹni tó kàn mirí, mi ò kọ tiẹ̀. Bó ṣe di pé omi yọ nìyẹn. Ilé mẹ́rin ò tíì san títí dòní o, mo mọ̀ wọ́n, àwọn náà mọ ara wọn.

Nígbà tí mo wá di alága, mo rí i pé àjẹ́ńdà gan-an lọ́gbọ́n tiẹ̀. Tẹ́lẹ̀, “Ọ̀rọ̀ ààbò” la máa ń kọ, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í rò bí olè ṣe jí adìyẹ òun. Ní báyìí ìbéèrè ni mo ń kọ: Ṣé ká gba ọlọ́dẹ kejì, ta ló máa san owó ẹ̀? Mo máa ń fi ohùn ara mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, torí àwọn bàbá wa kì í rí lẹ́tà kéékèèké kà.

Ẹni tó bá sì máa tako ọ̀rọ̀, ẹ lọ bá a nílé. Nígbà tá a fẹ́ gbẹ́ gọ́tà, bàbá kan ti múra ìjà sílẹ̀, mo lọ kí wọn nírọ̀lẹ́ Furaidé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní “Bàbá, kí lẹ rí sí i?” Wọ́n mú mi dé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì wọn, wọ́n fi ọ̀pá hàn mí ibi tí omi máa ya sí tá a bá gbẹ́ ẹ bá a ṣe yà á sórí bébà. Òótọ́ ni bàbá ń sọ! A yí i padà, nígbà tó di ọjọ́ mítíńgì, bàbá fúnra wọn ló dábàá ẹ̀.

Ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í tán, mo ti gbìyànjú aago, mo ti gbìyànjú fáìnì, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn kí n sì kà á padà fún wọn, “ohun tẹ́ ẹ sọ nìyí sà, àbí?” Ìdí tó fi ń tún un sọ ni pé kò dá a lójú pé ẹnì kan gbọ́.

Ti gírámà òfin ìpàdé yẹn, ti ká kín àbá lẹ́yìn, ti ká pé iye tó yẹ, mi ò bú u mọ́. Henry Robert, ọmọ ológun Amẹ́ríkà tó ṣe ìwé òfin ìpàdé jáde lọ́dún 1876, ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní kó darí lọ́dún 1863 ló daru mọ́ ọn lọ́wọ́, ìtìjú ẹ̀ ló mú un lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú òfin wọ̀nyẹn, èyí tí mo dì mú jù ni pé ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ ló kàn kí ẹni tó ti sọ tó tún dìde. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ohùn ìyá oníbúrẹ́dì.

Àwọn náà ni akọ̀wé wa báyìí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n ka orúkọ àwọn tí kò ṣe tiwọn, orúkọ alága ló ṣáájú: èmi ni mo ní mo máa gbé lẹ́tà gọ́tà lọ sí káńsù kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ní ẹ́ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo san án níbẹ̀, wọ́n já rìsíìtì fún mi, wọ́n sì kọ ọjọ́ tuntun síwájú orúkọ mi. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni.