Sonata Bach fún fèrè àti básì, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tó wà n'Ílọrin

Ìlà méjì péré ló wà nínú Sonata E minor ti Bach, BWV 1034 (nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ iṣẹ́ Bach): fèrè lókè, básì nísàlẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó wà pẹ̀lú básì, tó ń sọ ohùn tí kíbọ́ọ̀dù á fi kún un, ni ọ̀pọ̀ oníkíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ladùn wà. Bí 6 bá wà lórí G, ẹ tẹ G, B àti E. Bí ♯ nìkan bá wà lórí B, D tó wà nínú kọ́ọ̀dù rẹ̀ á di D♯. Ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ kúrò lórí básì tí wọ́n kọ. Ohùn mẹ́ta ti tó fún ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kún bíi ti orin ìyìn, ohùn ìsàlẹ̀ fèrè á rì, torí kò lágbára níbẹ̀.

Ooru Ìlọrin ń gbé ohùn fèrè sókè, kíbọ́ọ̀dù kì í sì í yí padà. Ẹ fọn fèrè fún ìṣẹ́jú 5 kó lè móoru, kí ẹ tó fa orí rẹ̀ jáde díẹ̀ títí wọ́n á fi bára mu.

Adagio àkọ́kọ́, ìyẹn apá tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ tó ṣí orin náà, ló ń tán èémí. Ẹ má mí lórí ìlà tó pín orin. Ẹ fọn ohùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlà náà tán ná. Orí ohùn yẹn ni gbólóhùn sábà máa ń parí sí.