Ojú kápítẹ́nì la sanwó fún: ọjọ́ tí a lọ wo glacier ní Seward

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o, ẹni tó bá dé Alaska tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Seward, ìlú etíkun kékeré kan níbẹ̀, kò tíì dé Alaska. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà torí Denali, òkè tó ga jù ní gbogbo North America, ṣùgbọ́n Denali yẹn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kùrukùru máa ń bò ó, ẹ ó náwó, ẹ ó dúró, ẹ ó nàgà, ẹ sì lè má rí nǹkan kan kí ẹ tó padà sílé. Ti Seward yìí, bí ẹ ò rí èyí, ẹ ó rí tọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé Anchorage, nọ́ọ̀sì ni, ó ti pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, kò sì lọ wo glacier kankan rí, ìyẹn òkìtì yìnyín ńlá tó ń rọra wọ́ wálẹ̀ látorí òkè. Tí mo bá bi í, á ní "kí ni mo fẹ́ lọ wò nínú yìnyín, èyí tí mò ń fi ṣọ́bìrì kó lẹ́nu ọ̀nà mi láti October, ṣé kò tíì tó ni?" Èmi tí mò ń bọ̀ láti Houston níbi tí oòrùn ti ń bó èèyàn lára, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ẹ jọ̀ọ́, màá san tiyín. Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí ló ní òun ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́.

Anchorage sí Seward, 127 máìlì ni, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ tí ẹ ò bá dúró lọ́nà, ṣùgbọ́n ta ni ò ní dúró? Omi lápá ọ̀tún, òkè lápá òsì, yìnyín ṣì wà lórí òkè nínú oṣù June. Omi yẹn ni wọ́n ń pè ní Turnagain Arm, torí pé ní 1778 Captain Cook, atukọ̀ òkun ará England, ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà já sí òdìkejì, àwọn ọmọ ọkọ̀ ẹ̀ wọ ibẹ̀, ọ̀nà ò já, wọ́n tún ní láti yí padà. Tí ẹ bá dé Portage, ẹ máa rí àwọn igi gbígbẹ tó dúró gán-ún nínú àbàtà, kò séwé kò sẹ́ka gidi. Ilẹ̀ ló mì ní 27 March 1964, 9.2 ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí, ilẹ̀ apá ibẹ̀ rì wálẹ̀, omi iyọ̀ wọlé, gbogbo igi bá kú sórí ìdúró. Ní Seward gan-an, etíkun ya wọnú omi, ìgbì tún wá gbá ìyókù lọ, epo tó tú jáde látinú àwọn táńkì sì ń jó lórí omi. Ìlú kékeré báyìí náà ni wọ́n tún kọ́ padà.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fọkàn sí ibí yìí. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kì í kúrò nínú Resurrection Bay, wọn ò pẹ́, wọn ò wọ́n tó èyí tó ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n wọn kì í dé ibi tí glacier ti ń já sínú òkun, òkèèrè lẹ ó ti wò ó. Èyí tó ń lo wákàtí mẹ́fà sókè ni kẹ́ ẹ mú, èyí tó wọ inú Kenai Fjords National Park, ọgbà ìjọba tí àwọn glacier náà wà. Owó ẹ̀ lé ní 200 dọ́là lórí ẹnì kan, mo mọ̀, ó dun èmi náà. Ẹ sì lo oògùn èébì kí ẹ tó wọkọ̀ o, kì í ṣe ìgbà tí inú bá ti ń rú. Ẹ̀gbọ́n mi gbé atalẹ̀ tútù dání nínú ọ̀rá, ó ń jẹ ẹ́ wẹ́wẹ́, àwọn òyìnbó ń wò ó, nígbà tó yá àwọn náà ń tọrọ.

Obìnrin ni kápítẹ́nì wa, kò sì dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń wa ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, ojú ẹ̀ sì wà níbi gbogbo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ la sanwó fún, ojú ẹ̀ la sanwó fún. Torí ká sọ pé wọ́n kó ọkọ̀ yẹn fún wa ká máa wà á fúnra wa, a ó kàn rí omi àti òkúta ni, a ó padà wálé. A ò tíì rìn jìnnà tó fi rọra pa ẹ́ńjìnnì kù, ó ní ẹ wo iwájú díẹ̀ sápá òsì, mi ò rí nǹkan kan àfi nǹkan dúdú kan tó ń léfòó lójú omi, mo rò pé ìtì igi ni, àfi bí nǹkan náà ṣe gbórí sókè tó wò wá. Sea otter ni! Ó dojú sókè lórí omi, ó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà bí ìyá àgbà tó jẹun yó tó ń gba atẹ́gùn níta. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní òun ò fẹ́ wo nǹkan kan pariwo débi pé ọmọ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Kápítẹ́nì wá ṣàlàyé pé ẹranko yìí kò ní ọ̀rá lábẹ́ awọ bíi tàwọn ẹranko òkun yòókù, irun ẹ̀ nìkan ló ń gbà á lọ́wọ́ òtútù, irun ọ̀hún sì ki débi pé íǹṣì kan níbùú, íǹṣì kan lóròó, ó lè tó mílíọ̀nù kan. Irun yẹn ló kó bá a. Torí ẹ̀ làwọn Rọ́ṣíà ṣe ń rọ́ wá sí Alaska láyé ọjọ́un, wọ́n ń pa á, wọ́n ń tà á, títí ó fi fẹ́ẹ̀ tán, 1911 làwọn ìjọba tó tọwọ́ bọ̀wé pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn Rọ́ṣíà ti ta ilẹ̀ náà fún Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1867, 7.2 mílíọ̀nù dọ́là péré, William Seward, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, ló bá wọn dúnàádúrà, àwọn èèyàn ẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló fẹ́ fi yìnyín ṣe. Òun ló ni orúkọ tí ìlú yìí ń jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti 1989 tún dé, ọkọ̀ Exxon Valdez gun òkúta, epo rọ̀bì bíi 11 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù dà sómi, ó ṣàn dé etíkun ibí yìí náà, sea otter sì kú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá ti dé apá Niger Delta wa á mọ bí etíkun ṣe máa rí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti àbùùbùtán ló wá jẹ́ kí n gba obìnrin yẹn lọ́gàá pátápátá. Gbogbo wa ń wo omi, òun ń wo ẹyẹ. Ó ní ẹ wò wọ́n lọ́hùn-ún bí wọ́n ṣe ń ṣù jọ tí wọ́n ń já ṣòòròṣò wọnú omi, ẹja kéékèèké ló wà lábẹ́ wọn, ẹlòmíì tó ń wá ẹja kéékèèké náà ò ní pẹ́ dé. Ó yí ọkọ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ká ní sùúrù. A dúró. Ẹnì kan ti ń kùn lẹ́yìn mi pé kí là ń dúró ṣe, ló bá dún FÙÙÙÙ, omi tú sókè, ẹ̀yìn dúdú kan yọ, ó ń lọ, ó ń lọ, kò tán bọ̀rọ̀, ìgbà tó yá ló wá gbé ìrù sókè, omi ń ṣẹ́ẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ. Humpback ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Abẹ́ ìrù wọn ò jọra, funfun àti dúdú tó wà níbẹ̀ làwọn onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin sì ní ọkọ̀ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn ju 100 yáàdì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí òtútù bá ti ń bọ̀, wọ́n á gba Hawaii lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, tí ooru bá dé wọ́n á padà wá jẹun ní Alaska. Ẹ̀gbọ́n mi ní "wọ́n kúkú gbọ́n jù mí lọ, Hawaii ni wọ́n ń wà ní December, èmi ń fi ṣọ́bìrì."

Tí ẹ bá dé àwọn erékùṣù Chiswell, imú yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Sea lion, ẹranko òkun ńlá kan, ló ń gbé orí àpáta ibẹ̀, òórùn ẹja jíjẹrà àti ìgbẹ́, ẹ gbà mí o. Akọ wọn lè wúwo ju 2,000 pọ́n-ùn, wọ́n á nà gbalaja, wọ́n á máa bú ramúramù sí ara wọn torí ibi ìjókòó. Orúkọ Steller ni wọ́n ń pè mọ́ wọn, dókítà ará Jámánì tó bá Bering, ọ̀gá ọkọ̀ tí Rọ́ṣíà rán, wọkọ̀ dé Alaska ní 1741. Puffin náà wà níbẹ̀ lóríṣi méjì, ẹyẹ kúkúrú, ẹnu ẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìyẹ́ ẹ̀ kéré sí ara ẹ̀, tó bá fẹ́ fò ńṣe ló máa ń sá lórí omi tí á máa gbọn ìyẹ́ pìpìpìpì, tó bá sì ti jẹ ẹja yó jù, kò ní lè gbéra rárá, á kàn rì sábẹ́ omi sá fún yín. Abẹ́ omi yẹn gan-an ló ti mọ̀ ọ́n fò.

Láti ibẹ̀ a yọ sí gbangba òkun. Mi ò ní pẹ́ níbí. Ìgbì gbé wa, àwọn èèyàn bì, a kọjá.

Ìgbà tí a wá wọ Aialik Bay, ọ̀rọ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú yín, yìnyín kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara ọkọ̀ kò-kò-kò. Iwájú wa ni Aialik Glacier wà, fífẹ̀ ẹ̀ tó máìlì kan. Lókè, tí a ò lè rí láti ìsàlẹ̀, ni Harding Icefield wà, 700 máìlì níbùú lóròó (square mile), yìnyín tó ń já sórí ẹ̀ lọ́dọọdún ju 30 ẹsẹ̀ bàtà lọ, tọdún yìí á tẹ tèṣí mọ́lẹ̀, tèṣí á tẹ tìjẹta, títí tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fi fún pọ̀ tí á le bí òkúta. Ó wúwo débi pé kò lè dúró lójú kan, á máa yọ́ wọ́ lọ wálẹ̀ gba àárín àwọn òkè, ó ń ha òkúta lọ bó ṣe ń lọ. Glacier tó ń ti ibẹ̀ wá tó bí ogójì. Àwọn àfonífojì tó gbẹ́ sílẹ̀ láyé ijọ́hun ni òkun wá wọ̀ tí wọ́n ń pè ní fjord.

Ó sì búlúù! Ẹ ò ní gbà á nínú fọ́tò, ẹ ó ní wọ́n kùn ún. Yìnyín tó fún pọ̀ bẹ́ẹ̀ á gbé pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, búlúù nìkan ló ń dá padà fún ojú.

Kápítẹ́nì pa ẹ́ńjìnnì pátá, ó ní kí gbogbo èèyàn panu mọ́. Glacier yẹn ń sọ̀rọ̀. Ó ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú lọ́hùn-ún, ó ń dún bí ìbọn. A rí bí apá kan ṣe já, ó ń bọ̀ wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dún rárá, ó ti wọ omi tán kí ààrá ẹ̀ tó kàn wá létí, GBÙÀÀÀ, torí pé ọkọ̀ jìnnà síbẹ̀. Ìjìnnà yẹn ló ń tan èèyàn, ohun tí ẹ rò pé ó tó fìríìjì, ó lè tó ilé. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi sún mọ́ ọn, ìgbì tó ń tẹ̀lé e lè dojú ọkọ̀ dé. Àwọn seal, ìbátan sea lion, wà lórí yìnyín tó ń léfòó níbẹ̀, abiyamọ pẹ̀lú ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n sá sí torí orca tó ń pa wọ́n jẹ, àmọ́ tó bá ti kan ariwo glacier, wọn ò tilẹ̀ gbórí.

Ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ fi àwọ̀n fa yìnyín kan sókè, ó gbé e fún wa ká dì í mú. Ó mọ́ kedere, àwọn èérún afẹ́fẹ́ tín-tìn-tín wà nínú ẹ̀, tí ẹ bá gbé e sétí ó ń ta ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́, afẹ́fẹ́ ayé àtijọ́ ló ń jáde yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi dì í mú títí ọwọ́ ẹ̀ fi kú, ó wá ní "kì í ṣe irú èyí ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi."

Oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n fún wa, sáńwíìṣì tútù àti ànàmá díndín nínú ọ̀rá. 200 dọ́là o. Ẹ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù yín dání jàre, kò sẹ́ni tó máa lé yín.

Lọ́jọ́ kejì a ya Exit Glacier, ìyẹn tẹ́ ẹ lè wa mọ́tò dé ìtòsí ẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ láti wọlé. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ọdún ni wọ́n kọ sí i, ibi tí yìnyín dé lọ́dún yẹn nìyẹn. Ẹ ó máa rìn, ẹ ó máa ka ọdún, yìnyín ò tíì fara hàn. Obama wá síbẹ̀ ní 2015 láti fi han ayé pé ayé ń gbóná. Ìrìn yẹn rẹ̀ mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ mú súwẹ́tà, jákẹ́ẹ̀tì tí omi ò lè wọ̀, fìlà àti ìbọ̀wọ́, kódà ní July, torí ìta ọkọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó jókòó sídìí wíńdò tó ń mu kọfí, lẹ́yìn gbogbo èèyàn ló ń débẹ̀. Ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lówó díẹ̀ tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Tó bá jẹ́ puffin lẹ fẹ́ rí, May sí August ni. Gray whale, irú àbùùbùtán mìíràn, máa ń kọjá níbẹ̀ láti March sí May, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń bi mí pé ìgbà wo ni mo tún ń bọ̀, pé April dáa. Mo ní kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi lọ́tẹ̀ yìí. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.