Agolo Milo Tó Wà Lára Ògiri: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Ìjànikin àti Akọka pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé báwo ni mo ṣe di ọ̀gá jẹ́lé-ó-sinmi kí n tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ló rí físà gbà láàárín táàmù, èmi ni mo sì wà nítòsí kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó gùn ni ìtàn ohun tí mo bà jẹ́ nígbà tí mo débẹ̀.

Ṣómólú ni ilé-ìwé náà wà, láàárín àwọn atẹ̀wé. Ẹ̀rọ ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àjẹkù bébà tí wọ́n gé dànù ni àwọn ọmọ wa fi ń ya àwòrán, a kò ra bébà rí. Àwọn òbí kan ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ yẹn. Àwọn yòókù ń gba orí afárá Third Mainland lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, nítorí náà aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ọmọ ti wà ní géètì wa, oorun ṣì ń kùn ún.

Màmá kan ló ń ṣí géètì yẹn. Ìyá Náńsìrì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ń gbá ilẹ̀, wọ́n ń fọ pó, wọ́n ń nu imú, wọ́n ń pọn ẹni tó bá ń sunkún. Wọ́n tó bí mi lọ́mọ. Mo máa ń fi "ẹ" bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, mo sì máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe mítìn, ìdí síńkì ni wọ́n máa ń wà, wọ́n ń fọ ife. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ó yẹ kí wọ́n jókòó tì wá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé orí àga, mo gbé òfin kan jáde. Mo kan agolo Milo mọ́ ògiri, mo gé ojú rẹ̀ bí kóló, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé yóò ju àádọ́ta náírà sínú rẹ̀. Ó kan olùkọ́, ó kan nánì, ó kan ẹni tó ń se oúnjẹ. Inú ìyá tó ni ilé-ìwé dùn. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ ìpàdé. Èmi náà rò pé mo ti ń ṣe ọ̀gá.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú rẹ̀ nìyí: kì í ṣe pé n kò mọ̀. Mo ti kà nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè gan-an sọ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dáa. Lẹ́yìn náà ni mo mú òòlù, mo lọ kan agolo. (Ìjọba pàápàá kò ṣe dáadáa jù mí lọ: wọ́n fọwọ́ sí èdè abínibí lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2022, ní 2025 wọ́n ní ó tì, Gẹ̀ẹ́sì ni.)

Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan wọlé sí wa ní táàmù yẹn. Ìyá rẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nílé. Lọ́dọ̀ wa, kò lanu. Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ojú ń tì í. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí lé tábìlì, olùkọ́ rẹ̀ ní oorun ni. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan ló figbe ta, a wo etí rẹ̀, ọyún ti ń jáde. Ìyá rẹ̀ wà ní Èkó, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì wà lórí afárá. Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí etí náà ti ń dùn ún.

Ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ bi mí pé, "Ańtí, kò sọ fún ẹnì kankan ni?" Mo ní rárá. Ìyá Náńsìrì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, wọ́n ní:

"Ó sọ fún mi, mà. Láti ọjọ́ Ajé ni. Ó ní, 'Màmá, etí ń ta mí.' Mo lọ bá ańtí kíláàsì rẹ̀, bí mo ṣe lanu báyìí, wọ́n na ọwọ́ sí agolo yẹn. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì."

Ara ọmọ náà yá. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn, Ọlọ́run ló yọ wá. Mo já agolo náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo da owó inú rẹ̀ sórí tábìlì, mo mú ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tó rú òfin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó yẹn tó jẹ́ ti Ìyá Náńsìrì. Àwọn tí owó-oṣù wọn kéré jù nínú gbogbo wa ni mo ti ń gba àádọ́ta àádọ́ta náírà lọ́wọ́ wọn, nítorí wọ́n ń bá ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá di ọ̀gá lọ́la, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò nìyí. Àṣẹ tí ẹ bá pa lókè máa ń balẹ̀ sórí ẹnì kan nísàlẹ̀. Nídìí jẹ́lé-ó-sinmi, ẹni tó wà nísàlẹ̀ jù náà ló sábà máa ń gbé ọmọ dání.

Ìyá tó ni ilé-ìwé bínú pé mo yọ agolo. Mo kọ́kọ́ ṣe aṣiṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Fafunwa fún wọn. Wọ́n wò mí. Nígbà tí mo wá sọ pé bí ọmọ ẹlòmíì bá tún ṣàìsàn lọ́wọ́ wa tí a kò mọ̀, gbogbo Ṣómólú ni yóò gbọ́ kí táàmù tó parí, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbọ́ mi. Ẹ mọ ohun tó ń ká ẹni tó ni ilé-ìwé lára kí ẹ tó lanu. A fẹnu kò sí i pé Gẹ̀ẹ́sì yóò wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìrora, ebi, ẹ̀rù, tàbí ìgbọ̀nsẹ̀, èdè tó bá wá sẹ́nu ọmọ ni kí ó sọ, òun náà ni kí a fi dá a lóhùn. Òbí méjì kó ọmọ wọn lọ. N kò bú wọn, owó Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rò pé àwọn ń san.

Mo wá pe Ìyá Náńsìrì sí mítìn ọjọ́ Ẹtì, mo ní àwọn ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan ńlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Kò sí nǹkan kan, mà." Kí ló fẹ́ mú wọn sọ̀rọ̀? Ẹni tó gba owó wọn lánàá ló ń bi wọ́n léèrè lónìí.

Ohun tó ṣí wọn lẹ́nu ni pé mo lọ bá wọn ní géètì. Ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń dé ní aago mẹ́fà ó kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo ń gba ọmọ pẹ̀lú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn ìyá ń sọ gbogbo nǹkan fún wọn kí wọ́n tó sáré bá dáńfó lọ: eléyìí kò sùn, bàbá tọ̀hún ti rìnrìn àjò, wọ́n fún tibí ní oògùn ibà lóru. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu géètì ló ń kú sí. Mo sì ka iye ọmọ: mẹ́tàdínlógún ló wà lọ́rùn Ìyá Náńsìrì nìkan kí olùkọ́ àkọ́kọ́ tó dé, ọmọ ọwọ́ wà lára wọn. Ìlànà ìjọba ní ọmọ mẹ́wàá fún olùtọ́jú kan ní ti ọmọ ọwọ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún olùkọ́ kan pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ ní ti àwọn tó dàgbà díẹ̀. Mo ti lẹ ìwé yẹn mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì mi tipẹ́.

A yí àkókò iṣẹ́ padà. Ẹni méjì ń wà ní géètì láàárọ̀, ẹni tó bá tètè dé ń tètè lọ. Owó tí òbí ń san bí wọ́n bá pẹ́ wá mú ọmọ, mo ní kí ó máa lọ sọ́wọ́ ẹni tó dúró ti ọmọ. Ìyá tó ni ilé-ìwé gbà fún ìdajì. Mo ṣì ń lé ìdajì kejì.

Orúkọ Montessori wà gàdàgbà lára pátákó wa, bó ṣe wà lára ọ̀pọ̀ pátákó ní Èkó. Ẹ lọ wo bí Maria Montessori, obìnrin tó dá ọ̀nà ìkọ́mọdé yẹn sílẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1907, ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù, nínú ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ tálákà ń gbé, ọmọbìnrin ẹni tó ń ṣọ́ ilé ni ó fi sídìí àwọn ọmọ náà, kì í ṣe olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́. Dókítà ni Montessori fúnra rẹ̀. Ó máa ń wá, á wo ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe, á sì fi iṣẹ́ ọmọbìnrin yẹn kọ́gbọ́n. A ra àwọn ohun ìkọ́ni onígi àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, a gbàgbé ìyẹn.

Ìyá Náńsìrì ti gbọ́ mi yé báyìí, bóyá wọ́n ti gbọ́ mi yé jù. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n ní òfin tuntun tí mo ṣe, pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án, kò dáa. Pé ọmọ méjì wà tí wọn kì í sùn, ẹ̀rù ni wọ́n fi ń di ojú. Mo ní n kò gbà. Wọ́n ní kí n wá dùbúlẹ̀ sórí ẹní pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ Ajé, kí n wò ó. Mo ti fi aṣọ tí kò ní tètè dọ̀tí sílẹ̀.