Oògùn inú rírun fún bíṣọ́ọ̀bù

Nínú gbogbo àwọn tí Ìjọ Àgùdà ń gbé yẹ̀ wò láti sọ di ẹni mímọ́, ọ̀rọ̀ Kádínà Văn Thuận ará Vietnam ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ọdún 1975 ni ìjọba Kọ́múníìsì mú un, nígbà tó ṣì jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ọdún 13 ló lò látìmọ́lé. 9 nínú rẹ̀, òun nìkan ni. Ó kọ̀wé sáwọn èèyàn rẹ̀, ó béèrè oògùn inú. Wáìnì ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n kọ “oògùn inú rírun” sára ìgò. Ọgbọ́n ò tán láyé! Ẹ̀kán wáìnì mẹ́ta, ẹ̀kán omi kan, nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: bó ṣe ń ṣe Mísà nìyẹn.

Lọ́dún 2017, Póòpù Francis kéde rẹ̀ ní Ẹni Ọ̀wọ̀, ìpele kan lójú ọ̀nà àtidi ẹni mímọ́. Iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n ṣì ń retí kó tó bọ́ sí ìpele tó kàn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó sọ di ọ̀rẹ́ ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu?