Nígbà Tí Nǹkan Oṣù Bá Fẹ́ Kásẹ̀ Nílẹ̀: Ohun Tí Kóòṣì Lè Ṣe

Ọjọ́rú, ní alẹ́

Kóòṣì ni mí, ìyẹn ẹni tó ń ran àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn fẹ́ dá lọ́wọ́ láti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ní abẹ́rẹ́ nínú, kò sì ní hóró òògùn kankan. Ìbéèrè ni mò ń béèrè, mo sì ń fetí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu nígbà tí obìnrin tí mo bá jókòó lọ́sàn-án òní bi mí láìfi bò pé, "Àǹtí, kí gan-an lẹ fẹ́ ṣe fún mi tí dókítà ò lè ṣe?" Inú mi dùn sí i. Ó wù mí kí gbogbo obìnrin máa bi kóòṣì ní ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó sanwó.

Ẹni ọdún 48 ni. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń ṣe ségesège: á wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, á tún di àwátì fún oṣù mẹ́ta. Ooru á kàn ṣàdédé ru láti àyà, á gun ọrùn, á bo ojú. Kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó kọjá, òógùn á ti rin aṣọ, òtútù á sì máa mú un. Kò rí oorun sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ooru kọ́ ló ń dùn ún jù. Orúkọ àwọn tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ pípẹ́ ló ń sọ nù mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ti ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá orí òun ló fẹ́ dà rú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tá a kọ́kọ́ ríra, àlàyé ni mo ṣe fún un. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa á ní kóòṣì kì í ṣàlàyé, kó ṣáà máa béèrè ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe é, kí ló fẹ́ fi yan ohun tó máa ṣe sí i? Mo sọ fún un pé ẹ́sítírójìn, ìyẹn họ́mọ̀nù (èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara) tí ilé ẹyin ń pèsè, kì í rọra lọ sílẹ̀. Á gòkè, á já wálẹ̀, á tún gòkè, fún ọdún mélòó kan kó tó fìdí kalẹ̀. Èyí máa ń da ibi tó ń ṣọ́ ooru ara nínú ọpọlọ láàmú, á máa rò pé ara ti gbóná jù nígbà tí kò gbóná rárá, á sì pàṣẹ pé kí ara tú ooru dànù. Òun ló ń fa òógùn yẹn. Láàárín ọdún 45 sí 55 ló wọ́pọ̀ jù kí nǹkan oṣù dá, àwọn dókítà kì í sì í sọ pé ó ti dá tán àfi bí oṣù 12 gbáko bá ti kọjá láìrí i. Mo tún sọ fún un pé nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SWAN, èyí tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015, ìdajì àwọn obìnrin tí ooru yìí ń ṣe lemọ́lemọ́ ló bá a yí ju ọdún 7 lọ.

"Ọdún méje!" Ó mí kanlẹ̀. Mi ò fi òótọ́ bò fún un. Bó bá rò pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, á kàn di eyín mọ́ ọn ni.

Lónìí, ó mú ìwé tí mo ní kó máa kọ wá. Ìwé kékeré eléèpo pupa, ó fi rúlà fa ìlà sínú rẹ̀: aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà. A jọ kà á. Aago 3 òru, òógùn, mo pààrọ̀ aṣọ. Aago 10 àárọ̀, ìpàdé, ooru. Aago 2 òru, mi ò sùn mọ́. Aago 10, ìpàdé, ooru. Mo ti rí i, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìka lé e. "Àǹtí, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá ló ń le jù." Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó tún rí òmíràn. Bí mo bá ti là á sílẹ̀ fún un ni, á gbọ́, á sì gbàgbé.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kó yàtọ̀ nínú ìpàdé yẹn. Ó ní òun á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, òun á gbé omi tútù dání, òun á wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tóun lè bọ́ ọ̀kan. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó kù ni kó sọ fún ọ̀gá. Ó dákẹ́ títí. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi dánra wò. Ìgbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ má bínú" ló kún inú rẹ̀. Mo ní kó yọ wọ́n kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù ni: "Nǹkan oṣù mi ló fẹ́ dá, ooru máa ń gbé mi. Bí mo bá jáde díẹ̀, mò ń padà bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ dókítà ló gbà wá lákòókò jù. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n á bi í pé kí ló ń ṣe ẹ́, á ní "ara kàn ń gbóná ni," ó parí. Nítorí náà, a kọ ojú ìwé kan ṣoṣo: ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, òògùn tó ń lò, bóyá jẹjẹrẹ ọmú tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú ẹbí. Ẹ̀rù ìtọ́jú họ́mọ̀nù, ìyẹn òògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò họ́mọ̀nù tó ń dín kù, ń bà á, bó ṣe ń ba ọ̀pọ̀ obìnrin látìgbà tí ìròyìn ìwádìí Amẹ́ríkà kan nípa ewu rẹ̀ gba ìgboro lọ́dún 2002. Kì í ṣe tèmi láti ní kó lò ó tàbí kó má lò ó. Mo kàn ní kó bi dókítà bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí fún ẹni tí kò tíì pé 60, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, torí àwọn onímọ̀ ti tún ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò dáadáa látìgbà náà. Ó kọ ọ́.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé ojú ara òun ń gbẹ, ó sì ń dun òun bí òun àti ọkọ òun bá jọ wà. Mo ní ó wọ́pọ̀, ó sì ní ìtọ́jú, kó gbé e lọ sókè. Ó pa á rẹ́, ó kọ ọ́ sí ìlà kejì.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní kóòṣì tí inú ń bí mi sí. Níbi tó pọ̀ jù láyé, kò sófin tó ní kẹ́nì kan má jẹ́ orúkọ náà, ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun tó ń "tún họ́mọ̀nù ṣe" náà ti di kóòṣì. Èmi náà ń kọ́ àwọn obìnrin ní mímí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn pé àyà tó ń já ló wà fún. Nígbà tí The Menopause Society, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa nǹkan oṣù dídá ní Amẹ́ríkà, ṣàyẹ̀wò ìtọ́jú tí kò ní họ́mọ̀nù nínú lọ́dún 2023, wọn ò fọwọ́ sí irú mímí bẹ́ẹ̀ fún ooru. Wọ́n fọwọ́ sí CBT, ìyẹn ìtọ́jú tó dá lórí bí èèyàn ṣe ń ronú àti bó ṣe ń hùwà, èyí tí mo sì máa ń ní kí wọ́n lọ bá ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ fún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ń dá ìjókòó dúró bí obìnrin kan bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ tún yọ lẹ́yìn oṣù 12 tí kò ti rí nǹkan oṣù, tàbí pé ayé ti sú òun. Ọ̀dọ̀ dókítà tààrà ni.

Lọ́la, ẹni tuntun ń bọ̀. Ẹni ọdún 38 ni, ó sì kọ̀wé sí mi pé òun ò tíì rí nǹkan oṣù láti ọdún tó kọjá, pé kí n kọ́ òun bí òun ṣe máa fara dà á. Ó ti kéré jù fún ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bi í ni bóyá dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àti ẹni tó máa tẹ̀ lé e lọ bí kò bá tíì lọ.