Ọwọ́ fèrèsé tó ṣẹ́: ẹ yẹ híńjì wò kí ẹ tó ra òmíràn

Ọwọ́ fèrèsé kì í ṣàdédé ṣẹ́. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú fèrèsé kan náà, ẹ má tíì bá ẹni tó tà á fún yín jà. Fèrèsé fúnra rẹ̀ ló le láti tì. Síǹkì tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọwọ́ tó wà lára fèrèsé alumíníọ̀mù wa. Ó gba kí èèyàn yí i, kò gba kí èèyàn fi í wọ́ fèrèsé tó há mọ́ férémù. Tí wọ́n bá fi agídí fà á, ọrùn rẹ̀, níbi tó ti tín-ín-rín jù, ló máa já.

Ẹ tún wo àsìkò tí wọ́n sábà máa ń ṣẹ́. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ọyẹ́ á ti kó eruku kún ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ férémù, ì báà jẹ́ Tanke ní Ìlọrin ni ilé wà, ì báà jẹ́ Ọ̀fà tàbí Ọ̀mù-Àrán. Kò sẹ́ni tó ń gbá a. Oṣù kẹta á wọlé, ìjì àkọ́rọ̀ á dìde, gbogbo ilé á sáré lọ ti fèrèsé. Eruku ti dì síbẹ̀, rọ́bà etí fèrèsé ti gan nínú oòrùn, ọwọ́ síǹkì yẹn ló máa jẹ ìyà gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba ọjà lọ, ẹ kọ́kọ́ tú ọwọ́ tó ṣẹ́ náà kúrò. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ti fèrèsé náà wọlé bí ẹni pé kò ní ọwọ́ rí. (Tó bá ṣe pé ìta ló ń ṣí sí, tó sì jẹ́ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹ fi okùn so ó mọ́ bọ́gílárì kí afẹ́fẹ́ má gbà á lọ́wọ́ yín.) Bó bá wọ inú férémù wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò ha ibì kankan, ọwọ́ nìkan ló ní àrùn. Bí igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó jìnnà sí híńjì bá ń ha férémù, fèrèsé ti rọ̀ sílẹ̀. Apá híńjì tó wà lókè àti nísàlẹ̀, rífẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, ìyẹn ìṣó kúkurú tó so oríkèé rẹ̀ pọ̀, ti jẹ, ó ti ń mì. Méjèèjì lẹ máa pààrọ̀ pọ̀, ẹ ò ní pààrọ̀ ẹyọ kan. Ẹ wọn gígùn rẹ̀: ínṣì 8, 10, 12 àti 16 ló wọ́pọ̀. Ẹ wo nínípọn rẹ̀ náà nígbà tó bá pa dé, torí èyí tó bá nípọn jù kò ní jẹ́ kí fèrèsé jókòó.

Bí kò bá ha, àmọ́ tó ń ta padà bíi sípíríǹgì, rọ́bà ni. Rọ́bà máa ń yọ kúrò nínú ojú ihò rẹ̀, á wá ká jọ sí igun kan. Ẹ fi ìka tì í padà. Èyí tó bá ti le koko bí igi, ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fi ra òmíràn lọ́dọ̀ àwọn oníalumíníọ̀mù; mítà-mítà ni wọ́n ń gé e tà.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfo. Èyí tó ṣẹ́ ni kí ẹ mú dání, tòun ti àjákù rẹ̀, torí “ọwọ́ késímẹ́ǹtì” tí wọ́n ń pè é (ọwọ́ fèrèsé tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn), oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í rọ́pò ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní imú. Imú yẹn ló ń gun orí irin kékeré kan lára férémù nígbà tí ẹ bá yí i. Tiwọn ní apá òsì àti apá ọ̀tún, gíga imú sì yàtọ̀ síra, láti mílímítà 9 dé 21. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ìdí dé abẹ́ imú. Olùtajà kan lè pe òsì ní ọ̀tún, torí náà ẹ má kàn sọ pé “ti òsì.” Ẹ sọ pé: “Ọ̀gá, tí mo bá dúró nínú ilé, apá òsì mi ni híńjì wà.” Ìyẹn kò ní rú ẹnikẹ́ni lójú.

Ìkejì ni èyí tó ní eyín méjì lẹ́yìn bíi fọ́ọ̀kì. Eyín náà wọnú fèrèsé lọ, òun ló ń ti ọ̀pá pẹlẹbẹ kan sókè-sódò nínú lọ́hùn-ún, ọ̀pá yẹn ló sì ń ti fèrèsé pa lókè àti nísàlẹ̀. Gígùn eyín àti àlàfo àárín eyín méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n. Bí eyín bá kúrú ju ti àtijọ́ lọ, ọwọ́ á máa yí lófo.

Ìkẹta ni èyí tó ní ọ̀pá onígun mẹ́rin kan ṣoṣo lẹ́yìn. Èyí ló rọrùn jù láti rí, torí ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà yí: ọ̀pá náà jẹ́ mílímítà 7 ní fífẹ̀, ihò sukúrù méjèèjì jìnnà sí ara wọn ní mílímítà 43 láti àárín dé àárín, sukúrù rẹ̀ sì jẹ́ M5 (mílímítà 5 ní fífẹ̀). Gígùn ọ̀pá nìkan ló ń yàtọ̀. Èyí tó bá gùn jù, ẹ lè fi ayùn irin gé e kù. Èyí tó bá kúrú, ẹ dá a padà.

Ní ìsọ̀, ẹ gbé e lé ọwọ́. Èyí tó fúyẹ́ bí ike, tí ìdí rẹ̀ ń mì kí wọ́n tó kàn án mọ́ nǹkan kan rárá, ẹ fi sílẹ̀ bó ti wù kó dán tó. Ẹ yí i: ó yẹ kó dáhùn “ká” nígbà tó bá dé ibi tó yẹ kó dúró sí. Ẹ béèrè sukúrù stainless lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n máa ń dì mọ́ ọn nínú páálí sábà jẹ́ irin lásán, irin àti alumíníọ̀mù kì í sì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà níbi tí omi òjò bá wà. Ẹ máa rí ìyẹ̀fun funfun kan tó ń wú yí orí sukúrù ká, alumíníọ̀mù tó ń jẹra nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bọ́gílárì wà níbẹ̀ o, òun ló sì máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà sọ́jà. Inú ilé ni bọ́gílárì wà, àárín òun àti fèrèsé ni ọwọ́ ti ń yí. Ẹ wọn àlàfo yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí ní ìwọ̀n ọwọ́ tuntun tí ẹ fẹ́ rà, ẹ gbé e sí ojú ihò sukúrù, ẹ yí i yípo láti ibi títì dé ibi ṣíṣí. Bí páálí bá kan irin, ọwọ́ náà máa kan irin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nẹ́ẹ̀tì onífírémù: ọwọ́ tó bá yọ síwájú jù kò ní jẹ́ kó kọjá.

Bọ́gílárì yìí kan náà kì í jẹ́ kí sukudiráfà gígùn rí ibi wọlé. Sukudiráfà kúkurú, èyí tí kò gùn ju ìka lọ, ló dára. Bí kò bá sí, ẹ mú bíìtì orí sukudiráfà oníigun mẹ́fà, ẹ fi sípánà olójú òrùka onídàámẹ́rin ínṣì gbá a mú. Ó máa wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ ó sì rí ipá fi yí i láti ẹ̀gbẹ́.

Kí ẹ tó tú u, ẹ tẹ́ àkísà sí ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ férémù. Sukúrù tó bá já síbẹ̀, inú férémù ló ń lọ, ó sì lè dí ihò tí omi òjò ń gbà jáde. Ti ọwọ́ tó ní ọ̀pá onígun mẹ́rin lẹ́yìn, ẹ ò ní rí sukúrù lójú: ẹ yí ọwọ́ dé ìdajì, ẹ fa ìdérí pẹlẹbẹ ìdí rẹ̀ síta díẹ̀, kí ẹ wá yí ìdérí náà sí ẹ̀gbẹ́, sukúrù á yọjú lókè àti nísàlẹ̀.

Sukúrù tó bá ti dípẹtà, ẹ má fi ipá yí i, orí rẹ̀ á họ. Ẹ po kẹrosíìnì mọ́ ẹ́ńjìn ọ́ìlì, ẹ kán an sí i lórí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Ẹ lè rọra gbá ìdí sukudiráfà kí ìpẹtà já, àmọ́ jẹ́jẹ́ ni. Gíláàsì wà nítòsí. Bí orí rẹ̀ bá ti họ tán, ẹ fi dírílì lu orí náà títí tó fi máa já bọ́. Ọwọ́ á yọ, ara sukúrù tó ṣẹ́kù á yọrí síta, ẹ fi pláyà mú un, ẹ yí i jáde.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ de tuntun, ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà nìyí: ọ̀pá inú fèrèsé wà ní ipò ṣíṣí, ọwọ́ tuntun wà ní ipò títì. Wọ́n á kàn án mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ipá yí i, ọjọ́ kan náà ni yóò ṣẹ́. Ẹ fi sukudiráfà ti ọ̀pá náà dé ibi ṣíṣí, ẹ yí ọwọ́ sí ibi ṣíṣí pẹ̀lú, kí ẹ tó ki eyín rẹ̀ bọlé. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ ra ẹsẹ̀ sukúrù kó lè ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi ọwọ́ yí sukúrù méjèèjì dé ìlàjì, kí ẹ wá fún wọn níkọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi dírílì fún wọn: awọ alumíníọ̀mù tí sukúrù di mú kò nípọn ju mílímítà kan àti díẹ̀ lọ, títẹ dírílì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti fá ojú ihò.

Gígùn sukúrù náà ṣe pàtàkì. Ti àtijọ́ ni kí ẹ fi wé. Èyí tó bá gùn jù á gún ọ̀pá inú, ọwọ́ kò ní yí mọ́, ẹ ó rò pé ọwọ́ tuntun ló bàjẹ́. Nígbà míì etí gíláàsì ló máa kàn, ìró kékeré kan báyìí, gíláàsì ti là.

Kí ẹ tó ti fèrèsé, ẹ yí ọwọ́ náà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà nígbà tí fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí. Bó bá yí dáadáa ní ṣíṣí, tó wá le nígbà títì, ẹ padà sídìí híńjì àti rọ́bà.

Ihò tó bá ti fá, ẹ̀là igbálẹ̀ tàbí igi ìṣáná kò ṣe nǹkan kan fún un lára alumíníọ̀mù, gọ́ọ̀mù náà kì í mú un. Bó bá jẹ́ sukúrù nọ́ńbà 8 ló wà níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà 10 sí i, bí ihò ara ọwọ́ bá gbà á. Bí ìyẹn náà bá fá, ẹ gbé e fún oníalumíníọ̀mù kó fi nọ́ọ̀tì onírífẹ́ẹ̀tì sí i. Ìyẹn kì í fá bọ̀rọ̀.

Ẹ má fi gíríìsì tàbí epo kun ojú ọ̀nà fèrèsé. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á di ẹrẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku rẹ̀, kí ẹ wá fi àbẹ́là ra á, tàbí kí ẹ fọ́n silicone sí i (èyí tó ṣeé fọ́n, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì).

Ti síláìdì, fèrèsé tí wọ́n ń fà sí ẹ̀gbẹ́, kò ṣòro. Sukúrù méjì ló di ìkọ́ rẹ̀ mú. Ẹ wọn àlàfo ihò méjèèjì láti àárín dé àárín, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Àmọ́ bí ìkọ́ kò bá bá ẹnìkejì rẹ̀ pàdé mọ́, rólà abẹ́ fèrèsé ló ti jẹ. Sukúrù kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ fèrèsé tí ó ń gbé fèrèsé sókè lórí rólà; ẹ yí i títí tí ìkọ́ yóò fi bá ara mu, kí ẹ tó ná owó kankan.

Fèrèsé lúfà ṣì pọ̀ nínú àwọn ilé tó ti pẹ́. Ọwọ́ tiẹ̀, rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi dè é, nígbà tí rífẹ́ẹ̀tì bá jẹ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, gíláàsì kò ní pa dé. Ẹ wò ó bóyá ọ̀dà ni wọ́n fi kun àwọn oríkèé rẹ̀ pa nígbà tí wọ́n ń kun ilé; ọ̀bẹ lásán lè parí ìyẹn. Bí rífẹ́ẹ̀tì bá ti jẹ lóòótọ́, ẹ yọ gíláàsì méjì tó sún mọ́ ọwọ́ jù. Etí alumíníọ̀mù tó di gíláàsì mú, ẹ fi pláyà ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá-sẹ́yìn, á já, kò sì ṣeé lẹ̀. Ẹ fi bíìtì tó bá rífẹ́ẹ̀tì dọ́gba lù ú jáde, ẹ fi bóòtù, wọ́ṣà méjì àti nọ́ọ̀tì onírọ́bà dípò rẹ̀. Ẹ fún un dé ibi tí kò ti gbọ̀n mọ́, ẹ tú u padà díẹ̀ kó lè yí. Bí férémù bá ti dípẹtà káàkiri, ẹ ka iye gíláàsì rẹ̀ lọ sọ́jà. Iye yẹn ni wọ́n fi ń tà á, apá ọlọ́wọ́ àti apá aláìlọ́wọ́ pọ̀.

Fèrèsé onípákó tó wà ní àwọn agbo ilé Pàkátà àti Àjíkòbì ní Ìlọrin, ibẹ̀ ni igi ìṣáná ti wúlò: ẹ ki í bọ ihò tó ti fẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù káfíńtà, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wá kan ìkọ́ padà sójú kan náà. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò ni pákó ń há, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fá etí rẹ̀. Pákó wú ni. Tí ọyẹ́ bá dé, ó máa sún kì, ibi tí wọ́n fá yẹn ni eruku á máa gbà wọlé.